Òrùlé Tí Mo Lọ Wò, Ẹnu Ọ̀nà Tí Mo Bá

Ẹ̀yin ará Kàbà, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà ọjà, tí ẹ ń dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n wẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn mi: èmi nìyí. Ẹ sinmi ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn tó ń sọ pé òyìnbó ti yí mi lórí gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rù iṣẹ́ ńlá ló bà mí náà gbọ́.

Káfíńtà ni mí, òrùlé sì ni mo yàn láàyò. Ẹlòmíràn lè kan ilẹ̀kùn àti àga. Èmi, òkè ni mo ń gbé. Mo ti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, mo kan ti mọ́ṣáláṣí kan ní Ìyàrà, mi ò sì tíì gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn jò. Ẹni tó bá gbọ́, kó wá sọ fún mi.

Òjò tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ rántí pé Ìpínlẹ̀ Kogí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni nígbà náà. A ti kúrò lábẹ́ Kwara, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń wá ohun tí yóò fi hàn pé òun náà kì í ṣe ọmọdé. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ Mọ̀pà wá bá àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù. Òjò dé, pápá di àbàtà, àlejò sá sábẹ́ igi máńgòrò, igi náà ò sì gbà wọ́n tán. Ọ̀kan nínú wọn fún aṣọ rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ìlú ńlá, ẹ ò ní ibi tí àlejò lè forí pamọ́ sí." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọ egungun.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè gbé àwòrán kan sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni alága, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Pápá bọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà ló wà nínú àwòrán náà, wọ́n fi òrùlé bo gbogbo rẹ̀ pátá, bí igbá tí ìyàwó ilé fi dé oúnjẹ ọkọ. Ó ní àwa náà yóò kọ́ irú rẹ̀, kékeré tiwa. A ó fi ìpín tí ìjọba tuntun fẹ́ fún ìlú ṣe é, ilé kọ̀ọ̀kan yóò dáwó lé e, a ó sì ṣe ọ̀wẹ̀. Àwọn obìnrin ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí a bá wọn bo ọjà. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi pọ́n.

Fúnmi ọmọ mi ń gbé ní ìlú kan tí irú pápá bẹ́ẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ ní kí n lọ wo bí òrùlé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe dúró láìsí òpó láàárín. Bí mo bá dé, èmi ni n ó ṣe olórí àwọn káfíńtà.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń fẹ́ iyán. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, èjìká òsì mi ti ń dùn mí bí mo bá gbé òòlù pẹ́. Òrùlé ńlá kan péré ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, òrùlé tí ẹni tó bá dúró lórí òkè yóò nawọ́ sí fún àlejò.

Kí n tó lọ, Ìyá Ẹlẹ́pà pè mí. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ló ń ta ẹ̀pà sísè létí pápá, kì í pa eré kankan jẹ, ohùn rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ fi ń mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti wọlé. Ó ní: "Káfíńtà, bá mi wo ibi tí àwọn ẹlẹ́pà ń jókòó sí lọ́hùn-ún." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní n ó wò ó.

Ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í jáde síta

Mo ti rò pé kò sí ibi tó lè gbóná ju Lọ́kọ́ja lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Lọ́kọ́ja. Oòrùn ìlú Fúnmi á mú yín lórí bí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ inú ilé, òtútù á tún gbá yín mú. Ọ̀sẹ̀ kìíní, aṣọ òtútù ni mo ń wọ̀ nínú yàrá, tí mo ń bọ́ ọ bí mo bá fẹ́ jáde. Ta ló rí irú èyí rí?

Kò sí èèyàn lójú pópó. Ilé tò lọ rẹrẹ, koríko iwájú rẹ̀ gún régé, ẹ ò ní rí ẹni tó jókòó níta. Àárọ̀ kejì mo jáde, mo ní kí n kí àdúgbò. Ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Mo rò pé nǹkan ń lé e, mo yà fún un, mo sì kígbe kí i bí a ṣe ń kí ara wa nílé: "Okun o!" Ó rẹ́rìn-ín fi gbogbo eyín hàn, ó bi mí pé ṣé dáadáa ni, kí n tó dáhùn ó ti yí kọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni èèyàn ń bi ẹnìkejì rẹ̀ sí bí kò bá ní dúró gbọ́ èsì? Mo ṣì dáhùn. Mo sọ fún ọ̀nà òfìfo náà pé dáadáa ni, pé èjìká nìkan ló kù.

Ní ti oúnjẹ, búrẹ́dì wọn dùn bí àkàrà òyìnbó, ẹran wọn ò ní ata. Fúnmi ń ro ìyẹ̀fun kan nínú ìkòkò, ó ní iyán ni. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé ọmọ mi ni. Kò sí odó, kò sí ìró, iyán kàn ṣáà fara hàn lórí tábìlì bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Ẹ́lì

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó síta ní gbogbo àdúgbò náà, ó ń gbé ilé kẹta sí ti Fúnmi. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, ó dàgbà jù mí lọ, ó gùn, ó sì ní àga onígi kan tó ń mì síwá sẹ́yìn. Ojúgun àga náà ti ń ya. Mi ò bi í, mo lọ mú òòlù lọ́dọ̀ Fúnmi, mo kàn án padà. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ́lì ni ẹ ó ti bá mi.

Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin ni mo ń sọ, tirẹ̀ sì ń ti imú jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ á gbọ́ ẹni tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Mo sọ ohun tó gbé mi wá fún un. Ó na ọwọ́ sí ibi tí òrùlé ńlá náà ti ń yọ lókè àwọn ilé, funfun bí ẹyin.

Ó ní: "Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Ilé bàbá rẹ̀ wà níbi tí pápá náà wà nísinsìnyí. Ìlú ra àdúgbò wọn, ó wó o. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó po kọnkéré ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì ní láti ìgbà náà, bí òun bá ra ohunkóhun lọ́jà, ìlú ń yọ díẹ̀ nínú owó náà láti fi san gbèsè pápá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn mí. Àpá sìmẹ́ńtì ṣì wà lára ìka rẹ̀.

Mo dìde, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní: "Ilé yín ni!" Ó kàn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìtìjú àgbàlagbà ni.

Àṣìṣe mi lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ dá mi lẹ́bi bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí mo ti wá. Ní tiwa, bí ìlú bá fi ọ̀wẹ̀ kọ́lé, ẹni tó bá ru pákó kan ṣoṣo ti ní ìjókòó níbẹ̀ títí ayé. Nígbà tí a kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, Ìyá Ẹlẹ́pà ru yanrìn pẹ̀lú oyún nínú. Dòní, ìlà iwájú ló ń jókòó sí, ó ń bó ẹ̀pà níwájú àwọn olóyè, ta ni yóò ní kó dìde?

Bí Fúnmi ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí a ó fi wọ pápá náà, tèmi àti tirẹ̀, tí a dágbére fún Bàbá Ẹ́lì lórí àga rẹ̀, mo ní kó máa bá wa kálọ. Ó ní òun ò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní: "Ẹni tó kọ́lé kì í ra àyè nínú ilé." Fúnmi ń fà mí láṣọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó wọ fìlà, ó ní òun yóò kàn rìn sin wá dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí òun na ẹsẹ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a bọ́ síwájú aṣọ́nà. Mo na tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Mo wá gbé ọwọ́ Bàbá Ẹ́lì sókè, mo ké sí gbogbo wọn: "Bàbá yìí wà lára àwọn tó po kọnkéré ilé yìí. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ẹ dúró sí. Ẹ yà fún un!"

Ọmọlúàbí ni aṣọ́nà náà. Kò jágbe mọ́ wa. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tíkẹ́ẹ̀tì." Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì mi ni kò yé e, mo tún un sọ, mo sọ ọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlà ti gùn lẹ́yìn wa. Ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ mi, ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú rẹ̀. Mo ti fi àgbàlagbà wọ́lẹ̀ níwájú ọmọ aráyé.

Fúnmi na tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí Bàbá Ẹ́lì. Ó fi sùúrù dá a padà. Ó ní: "Ọmọ mi, mi ò ní wọ ibí bí àlejò." Ó yí padà, ó lọ jókòó síbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó kọ ẹ̀yìn sí òrùlé náà.

Abẹ́ òrùlé

Mo wọlé. Kí n má sọ pé mi ò wọlé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún. Irin hun ara wọn lókè bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà, wọ́n fẹ̀ ju ọjà wa àti gbogbo ilé tó yí i ká lọ, kò sì sí òpó kan láàárín. Mo wo bí ẹrù òkè ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ ń ti ilẹ̀. Mo yọ ìwé, mo yà á. Mo rí bí a ṣe lè fi igi ìrókò ṣe irú rẹ̀, kékeré tiwa. Mo rí i kedere. Ó ṣeé ṣe.

Bọ́ọ̀lù tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Ó rí gbọọrọ, wọ́n ń gbá a mọ́ àyà bí ẹni tó jí ìbẹ́pẹ tí olóko ń lé. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n fọwọ́ kan koríko pápá náà nígbà tí eré parí. Kì í ṣe koríko. Ẹní ni. Fúnmi ní koríko ò lè hù níbi tí oòrùn kì í dé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kò yẹ kí n máa béèrè irú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí omijé ayọ̀ mi gbẹ ni àwọn ìjókòó. Ìlà lẹ́yìn ìlà ló ṣófo. Ẹni tó lè rà á ò wá, ẹni tó ni ín ń bẹ níta nínú oòrùn. Mo ká ìwé mi.

Mo lọ tọrọ àforíjì

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé Bàbá Ẹ́lì. Bó ṣe jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó ìlóro rẹ̀, bí ó ṣe tọ́ sí ẹni tó ṣẹ àgbà. Ariwo ta. Ó kígbe pe ìyàwó rẹ̀ pé àlejò ti ṣubú, obìnrin náà sáré jáde pẹ̀lú omi, ó ń gbá mi lójú, ó ní kí wọ́n pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Mo ń sọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pé ara mi le, wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n fi agbára pamọ́. Ó pẹ́ kó tó yé wọn. Nígbà tó yé wọn, Bàbá Ẹ́lì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ìjà ṣe parí.

Obìnrin náà bu oúnjẹ. Ẹ̀wà ni, pẹ̀lú ilá. Ilá gidi, tó ń yọ̀! Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti rí i, ó ní ìyá ìyá òun ń sè é. Mo jẹun yó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá Ẹ́lì sọ ohun tí mo gbé wálé. Ó ní: "Mi ò bínú pé wọ́n kọ́ ọ. Ó rẹwà, mo mọ̀, èmi náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ àti owó, wọ́n ní tiwa ni. Nígbà tó parí, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ìpàdé

Gbọ̀ngàn ìlú kún dé ojú fèrèsé lọ́jọ́ tí mo fẹ́ jíṣẹ́. Alága ti ní kí wọ́n gé èèkàn tí wọn yóò fi wọn pápá. Ó ní kí n sọ bí òrùlé ṣe rí. Mo sọ ọ́, mo yìn ín dé òpin, mo fi àwòrán mi hàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo wá ní: "Kí a má kọ́ ọ."

Ilé dàrú. Jimọ̀ tó ń ta pákó, ọmọ Ìyàrà, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe, fò dìde: "Baba Fúnmi, ṣé ara rẹ dá?"

Alága ní: "Baba Káfíńtà, ṣé a rán yín kí ẹ lọ wo òrùlé ni, àbí kí ẹ lọ kọ́ ìwàásù?"

Mo ní: "Òrùlé lẹ rán mi lọ wò. Ẹnu ọ̀nà ni mo bá." Mo sì rò fún wọn, bí mo ṣe rò fún yín yìí, títí kan ìdọ̀bálẹ̀.

Alága kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní àlejò yóò wá láti ìpínlẹ̀ míràn, ọ̀dọ́ yóò ríṣẹ́, orúkọ Kàbà yóò ròkè, òjò ò sì ní dójú tì wá mọ́. Mo ní òótọ́ ni. Bí ẹni tó fẹ́ jèrè bá fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, mo ní, kó gba ohun tó bá wù ú lẹ́nu ọ̀nà, èmi gan-an á bá a kàn án. Ṣùgbọ́n eléyìí, owó gbogbo wa ni, ọ̀wẹ̀ gbogbo wa ni. Mo wá bi í: "Alága, lọ́jọ́ tí a bá ṣí i, ṣé ẹnì kan yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

Kò purọ́. Mo fún un ní ọlá ìyẹn. Ó ní: "A ó ní láti gba owó ìwọlé díẹ̀. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú."

Ìyá Ẹlẹ́pà dáwọ́ ẹ̀pà bíbó dúró ní ìlà iwájú. Ó ní: "Èmi ńkọ́?"

Alága yíjú sí i. Ó ní: "Ìyá, tiyín ò ní wọ́n."

"Mo ru yanrìn ibi tí o dúró sí yìí," ni ó wí. "Ta ló gba owó lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń wọlé lónìí?"

Jimọ̀ ti jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ pápá olórùlé na ọwọ́, ọwọ́ tó jáde ò tó, ọ̀pọ̀ ni kò sì gbójú sókè.

Àwọn kan ò kí mi mọ́ dòní, wọ́n ní mo ti ba ọ̀la Kàbà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Àwòrán òrùlé náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń yọ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ibi tí ìṣó kọ̀ọ̀kan ì bá wọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, ohun tí mo sọ náà ni n ó sọ.

Ìjókòó kan ní ìlà iwájú

Ọjà la kọ́kọ́ bò. Lẹ́yìn náà, a fi ọ̀wẹ̀ kan àtíbàbà gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ pápá, pákó àti páànù lásán, mo ri òpó mọ́kànlá sínú rẹ̀, kò sì tì mí lójú. Ẹni tó bá ru pákó, ó ní ìjókòó. Mo ru tèmi. Mo padà, mo ru ọ̀kan sí i. Jimọ̀ ní ṣé mo fẹ́ fi ìdí méjì jókòó ni.

Sátidé tó kọjá, Mọ̀pà tún wá. Òjò náà wá, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn. Àlejò wọ abẹ́ àtíbàbà, a sún fún wọn, a fún wọn ní ẹ̀pà, ohùn Ìyá Ẹlẹ́pà sì bo ariwo páànù mọ́lẹ̀. Jimọ̀ pẹ́ dé. Òjò ti pa á bí adìyẹ, ó wọlé, ó wò yíká. Ibi gbogbo ti kún, àfi àyè kan ní ìlà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní: "Káfíńtà, ta ló ni ibí?"

"Bàbá Ẹ́lì ló ni ín. Èmi ni mo bá a ru pákó rẹ̀."

Jimọ̀ wo àyè náà, ó wo omi tó ń kán lára òun fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ yí padà lọ dúró sẹ́yìn nínú òjò. Mo di apá rẹ̀ mú.

Mo ní: "Jókòó. Kò ní lé ọ. Ó mọ bó ṣe ń rí níta."